Ta ni ń bọ́ ẹni tí ń bọ́ àwọn ọ̀dọ́ àgùntàn? Àyẹ̀wò iṣẹ́ ìgbaniníyànjú kan fún àwọn adarí iṣẹ́ ọmọdé

Ó ti pé ọdún 17 tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ àwọn ọmọdé nínú ìjọ. Mo fi mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ṣe olùkọ́ kíláàsì, mo sì ti fi mẹ́jọ ṣe adarí tí àwọn olùkọ́ 11 ń wojú rẹ̀. Láàárín àkókò yìí, ohun tí mo ti gbà tí wọ́n ní yóò ràn mí lọ́wọ́ kò lóǹkà: ìwé ẹ̀kọ́, àwòrán aláràbarà, orin, eré, àti ìlànà lórí bí a ṣe ń mú kí ọmọ ọdún mẹ́ta jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n wúlò, mo sì ṣì ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: kí ló tún kù tí o lè ṣe fún àwọn ọmọ? N kò rí ọ̀kan nínú wọn tí ó bi mí pé báwo ni ọkàn ìwọ fúnra rẹ ti wà. Nígbà tí ẹnì kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí sọ fún mi nípa iṣẹ́ ìgbaniníyànjú kan tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn adarí ọmọdé, tí kò sì ní ẹ̀kọ́ kankan fún àwọn ọmọ nínú, mo forúkọ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 40 ni ó fi ń lọ. Mo lò ó parí láìfo ọ̀sẹ̀ kan, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí nínú rẹ̀, èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára tó.

Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ yóò wọlé sórí fóònù ẹni, èyí tí kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ yóò ka ibì kan nínú Bíbélì, yóò sọ̀rọ̀ díẹ̀ lé e lórí, yóò sì gbàdúrà. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni ó máa ń bá a rìn, ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú àyè fífẹ̀ tí ènìyàn lè kọ ìdáhùn sí. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, adarí márùn-ún láti inú ìjọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò pàdé lórí fóònù fún wákàtí kan pẹ̀lú àgbà kan tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, tí wọ́n ń pè ní olùgbọ́. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́tà kan péré ni ó wà láàárín olùkọ́ àti olùgbọ́, ṣùgbọ́n àwa tí a ti jẹ́ olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a mọ bí ó ti pẹ́ tó tí a ti rí ẹni tí yóò jókòó gbọ́ tiwa.

Ọjọ́ Ajé tí wọ́n yàn yìí, mo kọ́kọ́ rò pé àṣìṣe ni. Èrò mi ni pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó yẹ kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ìyànjú ránṣẹ́ sí wa, kí a lè fi agbára rẹ̀ wọ ọjọ́ Ìsinmi. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkàn olùkọ́ ti wà lórí ẹ̀kọ́ ọ̀la, ohunkóhun tí ó bá gbọ́ nígbà náà ni yóò gbé lé àwọn ọmọ lórí tààrà. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni àárẹ̀ máa ń dé. Nígbà náà ni ènìyàn máa ń rántí ọmọ tí ó sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òbí tí ó fi ohùn líle bá ni sọ̀rọ̀ lójú ọmọ rẹ̀, olùkọ́ tí kò wá tí kò sì ránṣẹ́, àti ẹ̀kọ́ tí a fi òru múra rẹ̀ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fetí sí. Ohùn jẹ́ẹ́ kan tí ó wọlé ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, tí kò bèèrè iye ọmọ tí ó wá, tí kò sì sọ ohun tí a óò ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ohun ńlá ni.

Òfin kan wà tí wọ́n kọ sí iwájú ojú ìwé àkọ́kọ́, òun ni mo sì kà sí ohun tí ó níye lórí jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà: ibi tí a bá kà nínú Bíbélì ní ọ̀sẹ̀ kan, a kò gbọdọ̀ fi kọ́ àwọn ọmọ títí oṣù kan yóò fi kọjá. Nígbà tí mo kà á, mo rò pé ohun kékeré ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ibi tí a kà ni Máàkù orí 10, níbi tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ti ń lé àwọn tí ó gbé ọmọ wá, tí Jésù sì bínú sí wọn, tí ó gbé àwọn ọmọ náà mọ́ra, tí ó súre fún wọn. Kí ohùn náà tó dé ìdajì, mo ti fi ọkàn gé páálí, mo ti yan orin, mo ti mọ ọmọ tí yóò ṣe Pétérù. Mo dá a dúró. Mo rí i pé ó ti tó ọdún bíi mélòó kan tí n kò tí ì ka ẹsẹ̀ Bíbélì kan kí n jẹ́ kí ó bá èmi wí, kí ó tu èmi nínú, kí ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti sọ di ohun èlò. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó bá ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò. Ní ọjọ́ yẹn mo wo ọrùn ara mi. Mo padà gbọ́ ohùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń tò wọ́n sórí ìlà.

Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí mọ iṣẹ́ wa láti inú. Wọ́n mọ̀ pé adarí ọmọdé lè wà nínú ilé Ọlọ́run ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi kí ó má sì gbọ́ ìwàásù fún oṣù mẹ́ta, nítorí pé yàrá ọmọdé ni ó wà nígbà tí àwọn yòókù ń gbọ́ ọ. Wọ́n mọ̀ pé a lè jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa nínú ìjọ kí a má rántí àwọn tí ń tọ́jú ìkókó lẹ́yìn ilé. Wọ́n fi odindi ọ̀sẹ̀ kan sọ̀rọ̀ lórí ebi yìí, wọn kò sì parí rẹ̀ sí pé kí a máa gbàdúrà sí i. Ìbéèrè kẹta ní ọ̀sẹ̀ náà ní kí a ka iye ìgbà tí a jókòó gbọ́ ìwàásù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láàárín ọ̀sẹ̀ 12 tí ó kọjá, kí a kọ nọ́ḿbà náà sílẹ̀, kí a sì fi han ẹni tí ó ni àṣẹ lórí ètò ìsìn. Nọ́ḿbà tèmi jẹ́ ẹyọ kan. Nígbà tí mo fi hàn án, olùṣọ́-àgùntàn wa wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì ní òun kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbà á gbọ́. Èmi náà kò sọ fún un rí.

Tí ẹnì kan bá ní kí n mú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo jáde nínú 40, ọ̀sẹ̀ 14 ni n óò mú. Ó ka ìtàn Èlíjà nínú ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní orí 19. Gbogbo wa ni a ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn iná tí ó sọ̀ kalẹ̀ ní Kámẹ́lì, èyí tí ó wà ní orí tí ó ṣáájú rẹ̀, nítorí pé iná rọrùn láti fi páálí pupa ṣe. Bóyá ni a fi máa ń kọ́ wọn ní ohun tí ó tẹ̀ lé e, pé ọkùnrin kan náà sá lọ sínú aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó sì sọ fún Ọlọ́run pé ó tó gẹ́ẹ́, kí ó gba ẹ̀mí òun. Olùsọ̀rọ̀ náà kàn ń tọ́ka sí bí ọ̀rọ̀ ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn ni. Èlíjà sùn. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó fún un ní oúnjẹ àti omi. Ó jẹ, ó tún sùn. Áńgẹ́lì padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ohun tí ó sì sọ ni pé kí ó dìde jẹun, nítorí pé ìrìn-àjò náà pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Títí di ìgbà yẹn, kò sí ìbáwí kankan, kò sí ìbéèrè, kò sí iṣẹ́ tuntun. Ó rin ogójì ọjọ́ dé Hórébù kí Olúwa tó bi í pé kí ni ó ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tí ìdáhùn sì dé, ohun méjì wà nínú rẹ̀ tí ó wọ̀ mí lára: pé Èlíṣà wà tí yóò di ìpò rẹ̀, àti pé 7,000 ènìyàn ṣì wà ní Ísírẹ́lì tí kò kúnlẹ̀ fún Báálì, nígbà tí òun ń sọ pé òun nìkan ni ó kù. Mo sunkún ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Lẹ́tà kan wà nínú àpò mi tí mo fẹ́ fi kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀. N kò ya á, ṣùgbọ́n n kò fi jíṣẹ́. Mo kọ́kọ́ lọ sùn.

Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e wá lọ sí ìwé Nọ́ḿbà orí 11, mo sì rò pé kò sí ibòmíràn nínú Bíbélì tí ó sún mọ́ ẹni tí ń tọ́jú ọmọ bíi rẹ̀. Mósè bi Olúwa bóyá òun ni òun lóyún gbogbo ènìyàn yìí, tí a fi ní kí òun gbé wọn sí àyà bí ẹni tí ń tọ́ ọmọ ọmú. Ó ní òun nìkan kò lè rù wọ́n, wọ́n wúwo jù fún òun. Olùkọ́ ọmọdé wo ni kò tí ì sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí, bí kò tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọkàn rẹ̀ ni ó ti sọ ọ́? Ohun tí Olúwa ṣe ni pé ó ní kí Mósè kó 70 àgbà jọ, kí wọ́n bá a ru ẹrù náà kí ó má baà dá a rù. Olùsọ̀rọ̀ náà fi òye hàn pé àdúrà tí Mósè gbà kò dára létí, ó tilẹ̀ ní kí a pa òun, síbẹ̀ ìrànlọ́wọ́ ni ó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ìbéèrè ọ̀sẹ̀ náà kúrú: kí ni o ń dá rù tí ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún ọ pé kí o dá rù? Mo kọ ohun mẹ́fà sílẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ti wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn báyìí.

Nítorí pé àwọn ọ̀sẹ̀ méjì yẹn dára tó bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 27 dùn mí. Ẹlòmíràn ni ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì mú Gálátíà 6:9, èyí tí ó ní kí àárẹ̀ má ṣe mú wa ní rere ṣíṣe. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ sọ fún wa pé ẹni tí àárẹ̀ bá mú, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó ti rẹ̀ sílẹ̀. Kò bójú tó ìdajì kejì ẹsẹ̀ náà, níbi tí ìlérí ìkórè ní àkókò tí ó tọ́ wà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlérí yẹn ni ó gbé ẹsẹ̀ náà ró. Ó yà mí lẹ́nu pé iṣẹ́ kan náà tí ó jẹ́ kí n rí áńgẹ́lì tí ń fún Èlíjà lóúnjẹ ni ó tún ń na ẹni tí ó sùn lábẹ́ igi ní pàṣán. Àwa márùn-ún tí a jọ ń pàdé ni a kọ̀wé sí wọn nípa rẹ̀. Wọ́n dáhùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ní àwọn yóò tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo nírètí pé wọn yóò ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi sọ ìtàn àwọn tí ó ti ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú wa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Robert Raikes, oníwèé ìròyìn ní Gloucester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀ ní ọdún 1780 fún àwọn ọmọ òtòṣì tí ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, tí ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni wọ́n ní àyè. Ìtàn rere ni, wọ́n sì sọ ọ́ dáadáa. Ohun tí wọ́n fò ni pé ọdún 11 ṣáájú rẹ̀, ní 1769, obìnrin Mẹ́tọ́díìsì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hannah Ball ti bẹ̀rẹ̀ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní High Wycombe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà. Raikes ní ìwé ìròyìn tí ó fi kéde iṣẹ́ tirẹ̀ ní 1783, ìdí nìyẹn tí ayé fi gbọ́ nípa rẹ̀. Hannah Ball kò ní. Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ sí John Wesley ní 1770, ó sọ pé ọjọ́ Ìsinmi àti ọjọ́ Ajé ni àwọn ọmọ náà ń pàdé, pé ẹgbẹ́ kékeré tí ara wọn kò balẹ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n pé ó jọ pé wọ́n fẹ́ gba ẹ̀kọ́. Èmi kò mọ ọ̀rọ̀ ìyànjú mìíràn tí ó dára ju èyí lọ fún adarí tí ẹnikẹ́ni kò kéde iṣẹ́ rẹ̀ rí. Ó ti ju 250 ọdún lọ tí obìnrin yẹn kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí n kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi ní ọjọ́ Ajé tí ó kọjá gan-an ni. Bí àwọn olùṣètò bá ń ka èyí, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀.

Ìtàn kejì ni ti Edward Kimball, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ní Boston, ẹni tí ó lọ bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan ní ilé ìtajà bàtà tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọdún 1855, tí ó bá a sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ Kristi. Ọmọ ọdún 18 ni akẹ́kọ̀ọ́ náà, orúkọ rẹ̀ ni Dwight L. Moody, ẹni tí ó padà di gbajúgbajà ajíhìnrere. Gbogbo ibi tí mo ti gbọ́ ìtàn yìí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ó rí níbí: pé a kò mọ ẹni tí ọmọ tí ó jókòó níwájú wa yóò dà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò rò pé ìyànjú tí ó yè kooro ni. Ó ń mú kí olùkọ́ máa wá Moody láàárín àwọn ọmọ, kí ó sì máa ka iṣẹ́ rẹ̀ sí òfo bí kò bá rí i. Àwọn ọmọ yòókù nínú kíláàsì Kimball ńkọ́, àwọn tí a kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀? Ọkàn tiwọn pẹ̀lú ṣe iyebíye, wákàtí tí Kimball lò lọ́dọ̀ wọn kò sì ṣòfò. Ohun tí ó fún mi lókun nínú ìtàn náà kò ju pé ẹ̀rù ba olùkọ́ náà lójú ọ̀nà, tí ó tilẹ̀ kọjá ilé ìtajà náà kí ó tó padà, tí ó sì rò pé ọ̀rọ̀ tí òun sọ kò lágbára. Ibẹ̀ ni èmi ì bá ti dúró.

Ìpàdé oṣooṣù ni apá tí ó kún jù. Láàárín àwa márùn-ún, ẹnì kan ń darí 200 ọmọ, ẹlòmíràn ní mẹ́fà péré, ọ̀kan sì ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀. A kò mọ ìjọ ara wa, a kò sì lè ròyìn ara wa fún ẹnikẹ́ni, ìyẹn sì jẹ́ kí a lè sọ òótọ́. Olùgbọ́ wa, bàbá kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀, kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni. Bí ẹnì kan bá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, òun náà yóò dákẹ́. Ó máa ń rán wa létí ìtàn inú Ẹ́kísódù orí 17, pé kí Áárónì àti Húrì tó gbé ọwọ́ Mósè ró, wọ́n kọ́kọ́ gbé òkúta sí abẹ́ rẹ̀ kí ó jókòó.

Ní ọ̀sẹ̀ 19, ìbéèrè kan ní kí a kọ orúkọ ẹnì kan tí ń gbàdúrà fún àwa fúnra wa, kì í ṣe fún iṣẹ́ wa. N kò ní orúkọ tí mo lè kọ. Nígbà tí a pàdé, mẹ́ta nínú wa ni kò ní. Bàbá náà kò wàásù fún wa, ó kàn ní kí olúkúlùkù wá ẹnì kan kí ó tó di ìpàdé tí ń bọ̀, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo lọ bá Màmá kan nínú ìjọ wa tí ó ti kọ́ àwọn ọmọdé nígbà èwe rẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, “Ọmọ mi, àwọn ọmọ tí ò ń kọ́, gbogbo wọn ni mo ń dárúkọ níwájú Ọlọ́run. Ìwọ ni n kò mọ ohun tí mo lè tọrọ fún, nítorí pé ojoojúmọ́ ni o ń sọ fún mi pé dáadáa ni o wà.” Láti ìgbà náà, tí a bá ti parí ìsìn, wọn kì í bi mí bóyá dáadáa ni mo wà mọ́. “Kí ni tọ̀sẹ̀ yìí?” ni wọ́n máa ń sọ, wọn yóò sì dúró títí n óò fi dáhùn. Iṣẹ́ ìgbaniníyànjú náà ti parí ní tèmi, Màmá kò tí ì dúró.

Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó jù lọ náà wà nínú ìpàdé yìí, n kò sì lè fò ó. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí bàbá náà kò lè wá tí ẹlòmíràn dípò rẹ̀, ọ̀kan nínú wa sọ pé òun rí àpá lára ọmọ kan nínú kíláàsì òun léraléra, àti pé ọmọ náà ti sọ ohun kan nípa ilé. Ẹni tí ó dípò olùgbọ́ gbàdúrà pẹ̀lú omijé, ó sì kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n kò tó rárá. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ kò gbọdọ̀ ṣèlérí fún un pé òun yóò pa á mọ́ ní àṣírí, kò gbọdọ̀ fi ìbéèrè tú u wò bí agbẹjọ́rò, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ lọ bá ẹni tí ọmọ náà dárúkọ. Kí ó gbọ́ ọ ní sùúrù, kí ó fi dá a lójú pé kò ṣe ohun tí kò tọ́ bí ó ti sọ ọ́, kí ó kọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ọ́ gan-an pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ó sì fi tó ẹni tí ìjọ yàn fún ààbò àwọn ọmọdé àti àwọn aláṣẹ ìjọba tí ọ̀rọ̀ náà kàn létí lọ́jọ́ náà gan-an. Mo pe arábìnrin náà lẹ́yìn ìpàdé, mo sọ èyí fún un, ó sì ṣe é. Iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ gba adarí ọmọdé níyànjú gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹrù irú èyí wà lára ohun tí ń jẹ́ kí a máa jí lóru. Láàárín ọ̀sẹ̀ 40, wọn kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bákan náà, kò sí ọ̀rọ̀ kankan fún olùkọ́ tí ọmọ inú kíláàsì rẹ̀ kú, tí àwọn ọmọ yòókù sì ń bi í pé níbo ni ọmọ náà lọ. Mo ti wà nípò yẹn rí. Mo wá ọ̀rọ̀ yẹn ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí ó fi parí.

Ní ti àwọn nǹkan kéékèèké, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ mọ́ gaara yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì tí afẹ́fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, ojú ìwé náà kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi tó fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣá. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn láti kọ nǹkan sílẹ̀ lè fi ẹnu dáhùn ìbéèrè náà fún ẹnìkejì rẹ̀.

N kò rò pé gbogbo olùkọ́ ni iṣẹ́ yìí wà fún. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ó ń wá bí yóò ṣe di kíláàsì mú, kò ní rí ohun tí ó ń wá níbẹ̀, ó sì lè rò pé wọ́n ń fi àkókò òun ṣòfò. Ẹni tí ó ti pẹ́, tí ó ti mọ iṣẹ́ náà débi pé ó lè ṣe é láìsí pé ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀, òun ni mo rò pé wọ́n ní lọ́kàn. Kí olúwarẹ̀ má ṣe gbà á gẹ́gẹ́ bí dípò olùṣọ́-àgùntàn tàbí oníṣègùn. Adarí kan nínú wa nílò dókítà fún àìsùn rẹ̀, bàbá olùgbọ́ wa sì sọ fún un láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, èyí tí mo yìn ín fún.

Mẹ́ta nínú àwọn olùkọ́ 11 tí mo ń darí ti forúkọ sílẹ̀, ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀ ni ohùn àkọ́kọ́ yóò wọlé fún wọn. Mo ti ṣàlàyé òfin oṣù kan náà fún wọn, mo sì ti fún wọn ní ìlànà lórí ààbò ọmọ tí iṣẹ́ náà kò ní. Pẹ̀lú àṣẹ olùṣọ́-àgùntàn wa, a ti tún àtòjọ iṣẹ́ wa kọ, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan lè kúrò ní yàrá ọmọdé ní ọjọ́ Ìsinmi kan láàárín oṣù, kí ó lọ jókòó sáàárín ìjọ, kí ó gbọ́ ìwàásù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọjọ́ Ìsinmi kẹta nínú oṣù ni tèmi.